Àga kan, ààrẹ mẹ́ta

Ta ló ní dandan ni kí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì máa wọ̀yá ìjà kí ìlú tó lè ní ìjọba? Ní 1970, Dàhọ̀mì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, gbé ti tirẹ̀ gba ibòmíràn.

Wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ ọdún náà nítorí rògbòdìyàn. Èèkàn mẹ́ta ló ń du àga: Hubert Maga láti àríwá, Justin Ahomadégbé láti Abomey, àti Sourou-Migan Apithy láti Àjàṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Ni wọ́n bá dá Ìgbìmọ̀ Ààrẹ sílẹ̀: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe olórí fún ọdún 2, kó sì dìde fún ẹni tó kàn.

Maga bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1970. Nígbà tó pé ọdún 2, ó gbé ìjọba fún Ahomadégbé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbí ẹ ò rí nǹkan!

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1972, àwọn sójà já wọ ìpàdé àwọn mínísítà ní Kútọnu, Mathieu Kérékou sì gbàjọba. Bí ìpín Apithy ṣe wọmi nìyẹn. Láti 1975, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Kérékou fi ṣèlú, títí Àpérò Orílẹ̀-èdè fi wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì 1990.