Ẹ fẹ́ lọ ra ọjà ní Lómè? Ìwé tó wà nínú àpò yín ló máa sọ iye tẹ́ ẹ máa ná

Obìnrin kan wà tó ń ta Ankara nílùú Ìbàdàn, tó ní ká má dárúkọ òun. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé aṣọ pọ̀ nílùú Lómè, lórílẹ̀-èdè Tógò, àti pé ẹni tó bá lè dé ibẹ̀ fúnra ẹ̀ kò ní í máa ra ọjà lọ́wọ́ alágbàtà mọ́. Wọ́n tún sọ fún un pé kò nílò fíísà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ìwé ìrìnnà ẹ̀ ti kú láti oṣù méjì sẹ́yìn, kò sì gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú rí. Awakọ̀ tó gbé wọn l'Ékòó ní kó fọkàn balẹ̀, pé òun máa bá a sọ̀rọ̀ níbodè.

Awakọ̀ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ owó ìyáàfin yìí ló fi ń sọ ọ́. Ibodè méjì lèèyàn ń kọjá láti Èkó kó tó dé Lómè, ti Sẹ̀mẹ̀ tá a fi ń wọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àti ti Hilla Condji tí wọ́n fi ń wọ Tógò. Ìhà méjì ni ibodè kọ̀ọ̀kan sì ní, ibi tí wọ́n ti ń jáde àti ibi tí wọ́n ti ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lálọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lábọ̀. Nígbà tó délé tó ṣírò ẹ̀, ó ní owó tóun ná sórí "bá mi sọ̀rọ̀" yìí pọ̀ ju èrè tóun rí lórí gbogbo aṣọ tóun kó bọ̀. Ó ní òun kò tiẹ̀ lè sọ fún ọkọ òun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ la fi ní ká ṣe àlàyé yìí fáwọn tó ń gbèrò àtilọ fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe ti orí burúkú. Kò mọ ohun tí òfin fún òun, kò sì mọ ohun tí òfin kò fún òun ni.

Lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, làwọn olórí orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ ECOWAS tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn nílùú Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíì láìgba fíísà, kó sì wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ibi táwọn èèyàn máa ń gbọ́ mọ nìyẹn. Àdéhùn náà kò dúró síbẹ̀. Ó ní onítọ̀hún gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà tó ṣì wà láàyè dání, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlera tí gbogbo ayé ń lò, ẹnu ibodè tí ìjọba fọwọ́ sí ló sì gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹni tí kò bá ní ọ̀kan nínú ẹ̀, kì í ṣe òun ni òfin ń bá wí. Ojú àánú àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ló kù tó ń wò, owó sì ni wọ́n fi ń ra ojú àánú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ìrìnnà. Láti oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025, ₦100,000 ni ìjọba ilẹ̀ wa ń gbà fún olójú-ewé 32 tí wọ́n ń lò fọ́dún márùn-ún, tí olójú-ewé 64 tí wọ́n ń lò fọ́dún mẹ́wàá sì jẹ́ ₦200,000. Ọ̀pọ̀ ló máa sáré ra èyí tó kéré. Àmọ́ ẹ ṣírò òǹtẹ̀ tí wọ́n máa lù sínú ẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń lù ú lálọ sí Lómè, ìgbà mẹ́rin lábọ̀, ìyẹn mẹ́jọ. Bí òǹtẹ̀ mẹ́rin bá gba ojú ewé kan, ìrìn-àjò kan ti jẹ ojú ewé méjì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ lóṣooṣù, olójú-ewé 32 kò ní í bá a dọ́dún méjì. Èyí tó nípọn ló dáa fún oníṣòwò, bó tilẹ̀ dùn ún nínú àpò lọ́jọ́ tó ń san án.

Kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ náà o. Àwọn awakọ̀ míì máa ń kánjú, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má sọ̀ kalẹ̀, pé àwọn ti bá gbogbo ọkọ̀ parí ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ ìwọlé, kò lè fi hàn lọ́jọ́ tó ń padà bọ̀ pé òun kò tíì lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. Bákan náà lọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibodè, tí wọ́n á ní àwọn mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó bá bá wọn lọ ti fọwọ́ ara ẹ̀ ju àǹfààní àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà nù.

Ní ti yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nǹkan méjì ni kẹ́ ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé láti oṣù keje, ọdún 2016, ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, ìwé ẹ̀ kì í kú mọ́ títí ayé, torí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín níbodè pé ọdún mẹ́wàá ti pé lórí ẹ̀. Èkejì ni pé ìwé náà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́, ó di lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹni tó fẹ́ rìn lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó wá ń wá abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Fúráìdè ti pẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba tó wà fún ọ̀rọ̀ ibodè ni kẹ́ ẹ ti gbà á. Èyí tí wọ́n ń tà ní gárèèjì láìgún èèyàn ní nǹkan kan, ayédèrú ni.

Ká má tan ara wa, ẹni tí ìwé ẹ̀ pé pérépéré ṣì lè bá òṣìṣẹ́ tó máa ní kó "fi nǹkan sílẹ̀" pàdé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ìwé ẹ̀ pé lè jókòó, kó sọ pé òun ń dúró. Ẹni tí ìwé ẹ̀ kò pé kò lè dúró.

Ẹ tún gbọ́ ìròyìn kẹ́ ẹ tó di ẹrù. Lóṣù kẹjọ, ọdún 2019, nìjọba ilẹ̀ wa ti ibodè orí ilẹ̀ pa, ó sì di oṣù kejìlá, ọdún 2020, kí wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀ padà fáwọn oníṣòwò. Ti Gánà pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àìsàn kòrónà ni wọ́n ṣe ti ibodè orí ilẹ̀ tiwọn lóṣù kẹta, ọdún 2020, tó jẹ́ oṣù kẹta, ọdún 2022, ni wọ́n ṣí i. Owó ọ̀pọ̀ èèyàn há sọ́nà nígbà náà. Ẹni tó bá ti san owó ọjà sílẹ̀ lọ́hùn-ún kó rántí pé ẹnu ibodè kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀.

Owó ló kàn. Sẹ́fà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ ń ná, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó ṣẹ́ náírà, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa tún ṣẹ́ owó ní Hilla Condji. Àṣírí kan wà níbẹ̀ tó dá mi lójú pé àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Sẹ̀mẹ̀ kò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó yúrò, 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan látìgbà tí yúrò ti dé lọ́dún 1999, kò yí padà rí. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta yúrò lọ́jọ́ náà ti mọ iye tó yẹ kí sẹ́fà jẹ́. Ẹ kàn pín in sí 656 ni. Ẹ jẹ́ ká fi ₦1,640 ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí wọ́n bá ń ta yúrò kan ní iye yẹn, ₦2.50 ni sẹ́fà kan. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá gbà á ní ₦2.70, kọ́bọ̀ ogún péré ló jọ lójú, àmọ́ lórí 100,000 sẹ́fà, ₦20,000 ló ti jù ú. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó gbọ́dọ̀ jẹ èrè díẹ̀ lóòótọ́, ẹ kàn mọ iye tẹ́ ẹ fún un jẹ ni. Kẹ́ ẹ sì ka sẹ́fà tán lọ́wọ́ ara yín kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ náírà.

Bẹ́ ẹ bá ti wọ Tógò, ẹ dá aago yín padà ní wákàtí kan. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù ní Lómè, aago mẹ́ta ti lù l'Ékòó àti ní Kútọ̀nù.

Ìlú Lómè gan-an ló wá kù. Àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ló lórúkọ jù ní gbogbo apá ibí láwọn ọdún 1960 sí 1970, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nana Benz nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n fi owó Ankara rà. Lóṣù kìíní, ọdún 1994, tí wọ́n já iye owó sẹ́fà sí ìdajì, ọjà wọn fọ́, lẹ́yìn náà ni aṣọ láti ilẹ̀ Ṣáínà sì kún ibi gbogbo. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò wa fà yọ nínú ẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo aṣọ tó wà ní Lómè lónìí ni ojúlówó. Ẹ ka etí aṣọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ Vlisco, ti ilẹ̀ Họ́láńdì, máa ń wà létí ojúlówó tiwọn, ẹ wo lẹ́tà orúkọ náà níkọ̀ọ̀kan, torí àwọn míì máa ń yí ẹyọ kan padà. Kò burú kéèyàn ra ti Ṣáínà, òun ló pọ̀ jù lára ohun tí oníbàárà wa lè rà, ohun tó burú ni kéèyàn fi owó Họ́láńdì ra Ṣáínà.

Ìwọ̀n wọn náà yàtọ̀ sí tiwa. "Pagne" ni wọ́n fi ń díye lé aṣọ, kì í ṣe yáàdì, yáàdì méjì sì ni pagne kan. Mẹ́ta ẹ̀ ni yáàdì mẹ́fà wa, mẹ́fà ẹ̀ ni odidi aṣọ yáàdì méjìlá. Ìyáàfin wa ti Ìbàdàn kò mọ èyí. Ó gbọ́ iye kan, ó rò pé ti yáàdì mẹ́fà ni, inú ẹ̀ dùn, ó na odidi ìdì kan, ìgbà tó fẹ́ sanwó ló tó mọ̀ pé ìlọ́po mẹ́ta ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti owó aṣọ́bodè nígbà àbọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé Tógò wà nínú ECOWAS, torí náà ọjà Tógò kò gbọdọ̀ san owó orí. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ti rà á. Ohun tí wọ́n gbìn tàbí tí wọ́n fọwọ́ ṣe nínú àwọn orílẹ̀-èdè wa ló ń kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, ti ilé iṣẹ́ ńlá sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ibí ni wọ́n ti ṣe é. Aṣọ Họ́láńdì tàbí ti Ṣáínà tó gba Lómè kọjá, àlejò ṣì ni. Ẹ lọ bi àwọn aṣọ́bodè léèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì fi kún iye tẹ́ ẹ máa tà á. Òkìrìkà ní tiẹ̀, ìjọba ti fòfin dè é pátápátá, ẹ má dán an wò.

Àwọn kan á fẹ́ ti Lómè gba Gánà lọ, nítorí pé ìlú Lómè gan-an lẹ́nu ibodè wà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá sí Aflao. Kò burú. Àmọ́ bí oníṣòwò ọjà Makola bá ní "mílíọ̀nù kan" ni ọjà òun, ẹ má sá. Wọ́n gé òdo mẹ́rin kúrò lára owó sídì lọ́dún 2007, àwọn kan ṣì ń fi ẹnu àtijọ́ pè é, ọgọ́rùn-ún sídì ló ń sọ.

Rírà ni mo sọ o, mi ò sọ títà. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ kì í ṣe ìwé àṣẹ ìṣòwò. Òfin ìdókòòwò tí Gánà ṣe lọ́dún 2013 kò fàyè gba àjèjì láti pàtẹ nínú ọjà tàbí kó máa kiri, ó sì béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tó bá fẹ́ dá ilé iṣẹ́ káràkátà sílẹ̀. Wọ́n tìtorí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra lọ́dún 2020. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ àtiyí apá kan òfin náà padà, torí náà ẹ béèrè bó ṣe wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí kò nílò kéèyàn ṣàlàyé èyí fún wọn. Lóṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn tó ti ń ṣòwò níbẹ̀ látìgbà èwe wọn sì fi ṣọ́ọ̀bù, ilé àti gbèsè táwọn èèyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ wálé.

Ìyáàfin ti Ìbàdàn ti padà lọ. Ó gba ìwé ìrìnnà tuntun, ó gba abẹ́rẹ́, ó sì ka ọjọ́ mẹ́wàá pé kó tó wọkọ̀. Ìwọ̀nba owó díẹ̀ ló mú dání lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Wọ́n ṣì dá a dúró níbì kan nígbà àbọ̀, ó sì lo nǹkan bíi wákàtí kan lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Kò sanwó fẹ́nì kankan, àfi owó orí aṣọ ẹ̀, ó sì fi rìsíìtì ẹ̀ hàn wá.