Bí Àpáta Ti Ń Di Iyanrìn, àti Ohun tí Ìgbì Òkun Ń Fi Iyanrìn náà Ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Eruku ni kò tíì fi ojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n agbo ilé tí kò ní ọmọ tàbí ìbátan kan ní Èkó kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí àwọn olùkàwé wa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní etí òkun, kí wọ́n sì mọ̀ pé láti orí irú àpáta tí ó yí wa ká ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ sí ìdí àpáta ńlá kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì wò ó dáradára. Ẹ ó rí i pé awọ rẹ̀ ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ní àtètèkọ́ṣe ti kúrò lórí rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń tú. Oòrùn ọ̀sán àti òtútù ọ̀yẹ́ ní òru ń ran ìtú náà lọ́wọ́. Àwọn tí ń fọ́ òkúta tà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọn a máa dáná lé àpáta lórí kí ó lè sán. Ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀gá òṣìṣẹ́. Omi òjò a máa gba ìkan díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ àti láti ara ewé tí ó ti rà, a sì wọ inú ibi tí òkúta ti sán. Díẹ̀ nínú ẹyọ òkúta náà kò lè dúró níwájú omi yìí; wọn a di amọ̀. Àwọn ẹyọ tí ń dán bí dígí kì í yọ́. Àwọn ni ó ń di iyanrìn. Nípa bẹ́ẹ̀, amọ̀ tí amọ̀kòkò ń wà àti iyanrìn tí bíríkìlà ń lò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Iṣẹ́ yìí lọ́ra púpọ̀. Ilẹ̀ oko tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún fi ṣe, òjò ọdún díẹ̀ lè gbá a lọ bí àgbẹ̀ bá kọ ebè rẹ̀ ní òró gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ìbú rẹ̀ ni kí ẹ máa kọ ọ́ sí.

Ìṣàn a gbé iyanrìn dé odò, odò a sì gbé e dé òkun. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bí ìgbì ní ojú agbami. Nígbà tí ìgbì bá dé ibi tí omi kò jìn, ilẹ̀ a fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, orí rẹ̀ a sì ṣubú síwájú pẹ̀lú ariwo. Ní etí òkun tiwa, láti Tógò títí dé Èkó, ìgbì ń ti gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn wá ní ẹ̀gbẹ́. Ó ń gbé iyanrìn gun èbúté ní ẹ̀gbẹ́, omi a sì fà á padà ní tààrà; bẹ́ẹ̀ ni iyanrìn ń rìn bí ọ̀mùtí lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tọ̀sán-tòru. Òun ni ó mọ odi tí ó ya òkun kúrò lára ọ̀sà láti Àgbádárìgì dé Èkó.

Iyanrìn yìí kan náà ni ó dí ẹnu ọ̀sà Èkó, tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1908, Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta tí a fi ọkọ̀ ojú irin kó wá láti ìhà Abẹ́òkúta mọ odi gígùn wọ inú òkun. Ọkọ̀ rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà iyanrìn dí. Ó kó jọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ìhà ìlà-oòrùn, ní Erékùṣù Victoria, kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ ní ohun tí ó ju kìlómítà kan lọ. Láti 1958 ni a ti ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, tí òkun ń kó o lọ, títí a fi mọ odi òkúta ti Eko Atlantic ní ọ̀rúndún yìí. Nísinsìnyí àwọn ará Òkun Alfa, tí ó wà níwájú síi, ni wọ́n ń ké. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu àti ní Lomé lẹ́yìn tí a kọ́ èbúté wọn láàárín 1960 sí 1970. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá mọ odi sí ọ̀nà iyanrìn jẹ gbèsè fún aládùúgbò rẹ̀.

Ti Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, yàtọ̀, ó sì bani nínú jẹ́ jù. Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ni ó tẹ ìlú náà dó ní 1947. Amọ̀ rírọ̀ ni èbúté ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Ìgbì kì í pẹ́ bù ú lọ. Ilẹ̀ náà ń rì, omi òkun sì ń ga síi nítorí ooru ayé tí ń pọ̀ síi. Ọ̀pọ̀ ilé ti wọ omi, àwọn onílé sì ti ṣí sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí ẹnì kan nínú ìdílé yín bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní etí òkun, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn àgbà apẹja ibẹ̀ léèrè ibi tí omi dé ní ogún ọdún sẹ́yìn. Kí ó sì wo ìwé ọjọ́ yìí: nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá kún, ni òkun ń ga jù. Bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí àárín Júùnù àti Sẹ́ńbà, nígbà tí ìgbì le, nígbà náà ni ẹni tí ilé rẹ̀ súnmọ́ omi níláti kó ẹrù àti ọmọ sẹ́yìn kí ilẹ̀ tó ṣú.