Òjò Àrọ̀kúrò, Ìwọlé Ilé-Ìwé àti Ẹ̀tọ́ Ará Ilé

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń sọ òjò kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí Ó sì ń fi í jí ilẹ̀ tí ó ti kú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, mo ń gba ara mi níyànjú kí n tó gbà yín níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní ìkọ̀kọ̀, pàápàá jù lọ nínú ilé wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wa.

Òjò tí ó sinmi nínú oṣù kẹjọ ti padà dé. Àwọn bàbá wa tí wọ́n jẹ́ àgbẹ̀ ń pè é ní òjò àrọ̀kúrò, wọ́n sì máa ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò pàtàkì, nítorí òun ni wọ́n fi ń gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ọyẹ́ tó dé. Àwa tí a ń gbé ní Ìdí-Àràbà kò ní oko tí a ó gbìn. Igi àràbà tí wọ́n fi sọ àdúgbò yìí lórúkọ pàápàá, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ohun tí àrọ̀kúrò ń bá wá fún wa ni gọ́tà tí ó kún, aṣọ tí kò gbẹ lórí okùn, àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ láti Ìdí-Òrò wá síbí. Nínú oṣù kẹsàn-án yìí kan náà ni àwọn ọmọ ń wọlé padà sí ilé-ìwé, tí owó ilé-ìwé, ìwé, bàtà àti báàgì sì ń dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìdílé tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀ ni ẹrù yìí máa ń wọ̀ lọ́rùn jù.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù náà ní tiwọn. Ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò yìí lọ́dọ̀ wọn. Ìrun Màgàríbà tí wọ́n ń kí lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù kẹfà yóò di èyí tí wọ́n ń kí kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù kejìlá. Ní Èkó níhìn-ín, àsìkò tí oòrùn ń wọ̀ kì í yẹ̀ tó wákàtí kan láàárín ọdún. Síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú ìdílé tọ̀hún àti tiwa: bí àsìkò bá yí, iṣẹ́ ilé a máa yí pẹ̀lú rẹ̀, ta ni yóò wá ru èyí tí ó lé?

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, tọkọtaya kan wá bá mi. N kò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n yọ̀ǹda fún mi kí n sọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjèèjì kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ ọkọ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ó bá ti kí ìrun Àsùbáà ni yóò jáde, Ìṣáì ni yóò sì bá wọlé. Aránṣọ ni ìyàwó. Ẹ sì mọ̀ pé oṣù yìí ni ìkórè àwọn aránṣọ, nítorí aṣọ ilé-ìwé. Ọmọ méjì ni wọ́n ní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, ó sì ń mu ọmú. Ọkọ ti pinnu pé kí wọ́n já ọmọ kékeré náà lẹ́nu ọmú, kí ìyàwó lè ráyè gba iṣẹ́ aṣọ sí i, kí owó ilé-ìwé sì lè pé. Ó ti ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìwó pé kí wọ́n wá mú ọmọ lọ. Ọjọ́ tí ìyá àgbà fẹ́ wá ni ìyàwó tó gbọ́.

Ìyàwó náà kò pariwo. Ó ní, “Àáfáà, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé mo kọ̀ fún un. Kò bi mí ni.”

Ọkọ dá a lóhùn pé, “Owó ilé-ìwé ló ń lé mi, Àáfáà. Ibo ni kí n gbà?”

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Mo ṣí Àlùkùránì sí Súrà Baqarah, àáyà 233. Ohun tí Ọlọ́hun sọ níbẹ̀ ni pé àwọn ìyá yóò fún ọmọ wọn lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e. Ó sì tún sọ pé bí bàbá àti ìyá bá fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn, bí ó bá ti jẹ́ pé àwọn méjèèjì yọ́nú sí i, tí wọ́n sì jọ jíròrò lé e lórí. Láti ilé kéwú ni mo ti ń ka àáyà yìí, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà ni ó tó tẹ̀ mí lára. Wàrà ọmú ni a ń sọ o, kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe ogún. Ọlọ́hun kò fi í lé ọkọ nìkan lọ́wọ́, kò sì fi í lé ìyàwó nìkan lọ́wọ́. Ta ni yóò wá sọ pé Òun fún ẹnì kan láṣẹ láti dá pín wákàtí ẹlòmíràn fún un láti ìdájí di òru?

Mo ní kí ọkọ ka iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́ fún mi. Ó ka mẹ́ta, ó sì dákẹ́. Ìyàwó ni ó bá a parí rẹ̀. Ó ń pọn omi ṣáájú Àsùbáà nítorí èrò máa ń pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ń ro ògì, ó ń wẹ ọmọ ńlá, ó ń fi ọmú fún kékeré. Ó ń wá iná tí yóò fi lọ aṣọ ilé-ìwé tí òjò kò jẹ́ kí ó gbẹ. Ó ń pọn ọ̀kan sẹ́yìn, ó ń fa èkejì lọ́wọ́, ó sì ń gba ojú ẹrẹ̀ lọ sí ilé-ìwé kí ó tó padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ náà wo ilẹ̀ títí. Ọmọlúàbí ni, kò kàn fojú sí i tẹ́lẹ̀ ni.

Nínú ìwé Bukhari, al-Aswad bi Aisha, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, léèrè ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó dá a lóhùn pé iṣẹ́ ará ilé rẹ̀ ni ó máa ń bá wọn ṣe, bí àsìkò ìrun bá sì tó, a jáde lọ kírun. Ẹ kíyè sí ohun tí al-Aswad kò bá níbẹ̀: kò gbọ́ pé Ànábì jókòó, kí wọ́n máa gbé nǹkan wá bá a. Àwọn kan nínú wa di sunnah irùngbọ̀n mú ṣinṣin, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò kan ìgbálẹ̀ rí, èyí tí òun náà jẹ́ sunnah.

Ìtàn Salman al-Farisi àti Abu Darda tún wà nínú ìwé Bukhari bákan náà. Ànábì ti so àwọn méjèèjì pọ̀ bí ọmọ ìyá. Nígbà tí Salman lọ kí Abu Darda, ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tí ó ti gbó, ó sì bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó náà fèsì pé arákùnrin rẹ̀ Abu Darda kò ní ohun kan í fi ayé ṣe. Ẹ wo bí obìnrin yẹn ṣe bo àṣírí ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì tún tú u síta! Abu Darda dé, ó gbé oúnjẹ fún àlejò, ó ní òun ń gba ààwẹ̀. Salman ní òun kò ní jẹun àfi bí ó bá bá òun jẹ ẹ́. Lóru, Abu Darda fẹ́ dìde kírun. Salman ní kí ó padà sùn. Ó tún fẹ́ dìde, ó tún ní kí ó sùn. Nígbà tí òru ti lọ jìnnà ni ó tó jí i, wọ́n sì jọ kírun. Ó wá ṣàlàyé fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ànábì, ó ní òótọ́ ni Salman sọ.

Èmi tí mò ń wàásù yìí ti jẹ̀bi rí. Àkọ́bí mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà, mo sì wà níbi tí mo ti ń ṣe tafsīr ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú òjò. Ibà mú ọmọ. Ìyàwó mi pọn ọ́n, ó fi ọ̀rá bo orí ọmọ, ó sì la omi gọ́tà kọjá lọ sí ilé-ìwòsàn. Nígbà tí mo dé, mo bá ilé ní títì, inú sì bí mi pé ta ni ó ní kí ó jáde láìgba àyè lọ́wọ́ mi. Ó gbà mí ní ọdún mélòó kan kí n tó mọ ẹni tí ó yẹ kí n bínú sí.

Nípa owó, Súrà Talāq, àáyà 7, ti là á: kí ọlọ́rọ̀ náwó níwọ̀n ọrọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí arísìkí rẹ̀ kò pọ̀ náwó nínú ohun tí Ọlọ́hun fún un, Ọlọ́hun kò di ẹrù ru ẹnikẹ́ni ju ohun tí Ó fún un lọ. Láti ọdún 2004 ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òbí. Ẹni tí agbára rẹ̀ gbé ilé-ìwé aládàáni, kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ gbèsè kí aládùúgbò má baà rí ọmọ rẹ̀ ní ilé-ìwé ìjọba, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà rò.

Ilé-ìwòsàn ńlá LUTH ti wà láàárín wa láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, síbẹ̀ omi tí ó dá rogún sẹ́yìn ilé wa ni ẹ̀fọn fi ń pamọ. Kí bàbá ilé da omi inú agolo àti táyà àlòkù nù ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ ibùsùn àwọn ọmọ.

Ní ti tọkọtaya wa, ọmọ kò lọ sí Ìwó mọ́. Ìyá àgbà ni ó wá sí Ìdí-Àràbà, yóò sì lo oṣù ìwọlé yìí lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ ni ó ń pọn omi ní ìdájí báyìí, òun ni ó sì ń fọ aṣọ ilé-ìwé ní ọjọ́ Sátidé, kí ó lè gbẹ kí Mọ́ńdè tó dé. Owó kò tíì pé. Ilé-ìwé gbà kí wọ́n san án ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ọjọ́ òjò kan, Ibn Abbas ní kí ladánì kéde pé kí àwọn ènìyàn kírun nínú ilé wọn. Ó ya àwọn kan lẹ́nu. Ó ní ẹni tí ó lóore ju òun lọ ti ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa rìn nínú ẹrẹ̀ àti ilẹ̀ yíyọ̀. Nítorí náà, láti Jímọ̀ yìí títí àrọ̀kúrò yóò fi kásẹ̀, bí òjò bá le ní àsìkò Ìṣáì, ladánì wa yóò kéde bákan náà. Ẹni tí ó bá wà nílé ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó to ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ó ṣe lèmọ́ọ̀mù wọn. Bí ọmọ bá sì ń sunkún, kí ó ké ìrun náà kúrú, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti máa ń ṣe bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.