Ẹ Fọ Fọ́tò, Ẹ Má Pa Ojú Rẹ́

Púpọ̀ nínú àwọn onífọ́tò Yaba àti Sùúrùlérè kò ki bébà bọ kẹ́míkà mọ́, síbẹ̀ "mo fẹ́ lọ fọ fọ́tò" ṣì ni à ń wí. Iṣẹ́ tó wà láàárín yíyà àti fífọ, èyí tí à ń pè ní ẹ́dítì, ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Kò tuntun rárá.

Ní 1978, Stephen Sprague kọ nípa àwọn onífọ́tò Yorùbá nínú African Arts. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí mìíràn a gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò dípò kí wọ́n gbẹ́ ère. Bí ìbejì náà bá jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì, onífọ́tò á ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, á sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á yà á nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún wọ aṣọ ẹnìkejì fún un, wọ́n á sì tún un yà. Inú yàrá dúdú ni onífọ́tò ti ń so méjèèjì pọ̀, tí yóò máa sapá kí ojú ìsopọ̀ má hàn, kí ó lè dà bíi pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ jókòó ni. Photoshop ò tíì dé nígbà náà. Ọdún 1990 ló jáde.

Ẹ́dítì yẹn ń dá ẹni tó ti lọ padà sínú fọ́tò ni. Tiwa òde òní ń yọ ẹni tó wà níbẹ̀ kúrò. Mo rí fọ́tò ọjọ́ ìbí ìyá àgbà kan ní Mushin: wọ́n ti dán ojú wọn títí pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi pòórá, wọ́n sì ti sọ wọ́n di pupa. Ọmọ-ọmọ tí kò bá bá wọn láyé kò ní mọ̀ pé wọ́n kọlà rí.

Babatunde Lawal tú "àwòrán" sí à-wò-rántí ní 2001. Ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì lè béèrè ibi tí "tí" wọlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ohùn òkè orí "rán" gbè é lẹ́yìn. "Wòran", tó wá láti ara wò àti ìran, kò ní in. Robert Farris Thompson náà ka jíjọra mọ́ ìlànà ẹwà ère Yorùbá: kí ère jọ èèyàn, kí ó má jọ ọ́ jù. Ó tún ní kí ère fi èèyàn hàn bí ọ̀dọ́. Nítorí náà, dídín awọ tó hunjọ kù kò tako àṣà wa. Ẹ wo ère ìbejì: ọmọ ọwọ́ lè ti kú, ẹni tó ti dàgbà ni agbẹ́gilére ń gbẹ́, ilà ìdílé sì máa ń wà lójú rẹ̀. Ó yí ọjọ́ orí padà, kò fọwọ́ kan ilà.

Ẹ dán an wò. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì fọ́tò kan nínú Lightroom. Nínú èkíní, ẹ fa Texture wálẹ̀ fún gbogbo ojú. Nínú èkejì, ẹ fi Mask yọ ilà, ojú àti ètè sílẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹ ṣọ́ra fún Luminance ti Orange: bí ẹ bá gbé e sókè, awọ dúdú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo bí dúdú ṣe ń jinlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi méjèèjì han ẹni tó ni ojú, kí ẹ bi í pé èwo ló jọ òun.