Iná ABS lójú mọ́tò: Ìgbà tí ọpọlọ bíréèkì ṣeé tún ṣe nílé, àti ìgbà tí kò ṣeé ṣe

Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣòwò, ì báà jẹ́ búrẹ́dì ló ń fi í gbé kiri, ì báà jẹ́ èrò ló ń fi í kó, mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, owó ò wọlé lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan lára ohun tó ń gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ síbẹ̀ ni iná ABS olómi ọsàn tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí kò sì ní í kú mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún onímọ́tò ni pé brain box ti bàjẹ́, ìyẹn ọpọlọ tó ń darí bíréèkì náà, pé kó lọ ra òmíràn ní Ládìpọ̀. Àwọn kan á rà á, wọ́n á dè é mọ́ ọn, iná á sì tún máa tàn.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ ni pé ó lè má jẹ́ ọpọlọ ló ń ṣàìsàn rárá. Bó bá sì jẹ́ òun náà ni, irú kan wà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ lè tún ṣe nílé, irú kan sì wà tó jẹ́ pé àtúnṣe ilé ló máa pa á pátápátá. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò ní í fowó ṣòfò.

Iṣẹ́ tí ABS ń ṣe

Lọ́dún 1978 ni ilé-iṣẹ́ Bosch ti orílẹ̀-èdè Jámánì gbé irú ABS yìí jáde fún títà, ara ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lò ó. Sẹ́ńsọ̀ kan wà nídìí táyà kọ̀ọ̀kan tó ń sọ fún ọpọlọ bí táyà ṣe ń yí sí. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, tí táyà kan fẹ́ dúró gbọnin nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré, ọpọlọ á dẹ bíréèkì táyà náà, á tún mú un, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí awakọ̀ lè máa rí ọkọ̀ rẹ̀ darí.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, orí pọ́ọ̀npù ABS lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n de ọpọlọ náà mọ́. Ooru ẹ́ńjìnnì ń bá a níbẹ̀, kòtò ojú títì sì ń mì ín. Bí irin inú rẹ̀ ṣe ń gbóná tó ń wú, tó sì tún ń tutù tó ń sún kì, ojú ibi tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀.

Bí ABS bá kú, bíréèkì lásán ṣì máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ táyà lè dúró gbọnin lórí títì tí òjò rọ̀ sí, kí ọkọ̀ máa yọ̀ lọ. Bí iná bíréèkì pupa bá wá tàn pọ̀ mọ́ ti ABS, ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òróró bíréèkì ti lọ sílẹ̀, tàbí pé ohun tó ń pín agbára bíréèkì láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn náà ti kú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kó èrò títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ gílóòbù iná náà kí ojú òun má baà rí i mọ́ kò tún ọkọ̀ ṣe, ńṣe ló fi ewé bo ihò ejò.

Ẹ má tí ì dá ọpọlọ lẹ́bi

Kí ẹnikẹ́ni tó tú ọpọlọ, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò: òróró bíréèkì, fíúùsì, bátìrì, wáyà sẹ́ńsọ̀ tó lè ti gé, àti béárìn táyà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, rìwáyà lè fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ tó bá yọ ọ́ kúrò lára wáyà. Ó sábà máa ń wà láàárín 800 sí 2,000 ohm. Bí mẹ́ta bá bára mu, tí ẹ̀kẹrin kò sọ nǹkan kan, ẹ̀kẹrin náà ló ti bàjẹ́. Irú sẹ́ńsọ̀ ti ọkọ̀ tuntun kò ṣeé wọ̀n báyìí.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Bó bá dárúkọ táyà kan ṣoṣo, ìdí táyà yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Àmọ́ bó bá ń dárúkọ pọ́ọ̀npù, tàbí tí ọpọlọ kò dá kọ̀ǹpútà lóhùn rárá, bẹ́ẹ̀ iná bátìrì ń dé ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó fura sí ọpọlọ.

Ọpọlọ méjì, ìwòsàn méjì

Irú àkọ́kọ́ ni èyí tí ATE ṣe sára Volvo 850 ti nǹkan bí ọdún 1996 sí 1997, àti S70 àti V70 ti 1998. Ojú ibi tí wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ bọ́ọ̀dù ló sábà máa ń là. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè tún un jó.

Irú kejì ni Bosch 5.3 àti 5.7, tó wà lára ọ̀pọ̀ Passat àti Audi A4 ìparí ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2000. Pẹpẹ tí wọ́n fi amọ̀ líle ṣe ló wà nínú rẹ̀, àwọn wáyà alumíníọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó pọ̀, wọ́n sì da ohun kan tó rí bí ògì dídì lé e lórí. Lẹ́ẹ̀dì kì í mú alumíníọ́mù bọ̀rọ̀, áyọ́ọ̀nù á sì já wáyà yòókù. Ẹ̀rọ pàtàkì ni wọ́n fi ń so irú rẹ̀. Ẹni tó bá ní i kó gbé e fún ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ náà.

Bí wọ́n ṣe ń tún irú àkọ́kọ́ ṣe

Wọ́n á yọ orí bátìrì, wọ́n á nu ìdọ̀tí kúrò, wọ́n á sì tú ọpọlọ kúrò lára pọ́ọ̀npù láìfọwọ́ kan páìpù òróró. Bó bá di dandan kí wọ́n tú páìpù, afẹ́fẹ́ á wọ inú bíréèkì, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ilé mọ́. Kí wọ́n fi ọ̀rá mímọ́ bo ojú pọ́ọ̀npù. Kí wọ́n má sì wa ọkọ̀ náà títí iṣẹ́ á fi parí.

Wọ́n á rọra gé etí ìdérí, láìjẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé jù. Wọ́n á fi awò wá ibi tó là, wọ́n á fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, wọ́n á sì jó tuntun sí i. Gọ́ọ̀mù sílíkónì ni wọ́n á fi dé e padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń rùn bíi fínégà, nítorí ńṣe nìyẹn máa ń jẹ irin inú rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Tí wọ́n bá ti dè é, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa àṣìṣe àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò níbi tí kò ti sí èrò, láìsáré. Bí iná bá tún tàn, kí ọkọ̀ náà má padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìṣirò owó

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, bí ọkọ̀ kan bá ń mú èrè N10,000 wálé lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún tó bá jókòó ti jẹ N50,000, kí wọ́n tó san owó mẹkáníìkì. Owó yẹn ló yẹ kí wọ́n rò pọ̀ mọ́ iye páátì.

Ọpọlọ tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ḿbà kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ti Volkswagen sì sábà máa ń fẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sọ irú ọkọ̀ tó wà lára rẹ̀ fún un. Ooru tó pa ti ilé ti bá ti ọjà náà jà fún ọdún tó pọ̀. Èyí tí wọ́n bá tún ṣe kì í sábà nílò irú ètò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí oníṣòwò sanwó àyẹ̀wò kó tó sanwó páátì, kó sì béèrè irú ọpọlọ tó wà lára ọkọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé áyọ́ọ̀nù sí i. Owó tó bá sọnù lè padà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èrò tó wà nínú ọkọ̀ kò ní páátì ní Ládìpọ̀.