Kí Ẹ Tó Da Kọnkéré

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù, ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́, mo mọ̀. Bíríkìlà mọ búlọ́ọ̀kù ú tò, káfíńtà mọ igi í kàn, bẹ́ńdà mọ irin ín dì. Síbẹ̀, ilé tí gbogbo oníṣẹ́ rẹ̀ mọṣẹ́ lè máa jò láti ọdún àkọ́kọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi ẹnìkejì ní nǹkan kan.

Ẹ wo dẹ́kìn. Káfíńtà á tẹ́ pákó, bẹ́ńdà á to irin, oníṣẹ́ iná á gba páìpù rẹ̀ sáàárín irin ìsàlẹ̀ àti tòkè, púlọ́ńbà á fi àyè tí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa gbà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà á wá da kọnkéré. Bí púlọ́ńbà ò bá sí níbẹ̀, á wá gbé òòlù dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa fọ́ ohun tó ti le, á máa gé irin tí ẹlòmíràn fara balẹ̀ dì. Irin yẹn ló sì yẹ kó gbé ẹrù.

Nítorí náà, bó bá ku ọ̀la kẹ́ ẹ da kọnkéré, kí gbogbo yín jọ gun orí pákó, tẹ̀yin ti ẹnjiníà, pẹ̀lú pláànù kan ṣoṣo. Ẹ fa èyí àtijọ́ ya. Kí olúkúlùkù fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀, kó sọ ọ́ sókè: “Ibí ni tèmi gbà.” Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ lè tó páìpù tó ti yọ lẹ́nu ara wọn.

Ẹ̀yin bẹ́ńdà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí irin yín bá há mọ́ra jù, kọnkéré ò ní ráyè wọlé. Kí ni bíríkìlà á ṣe? Á bu omi sí i kó lè ṣàn. Omi tó pọ̀ jù yẹn kì í jẹ́ kí kọnkéré lágbára. Bíríkìlà ni wọ́n á dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pè é kó wá wò ó kẹ́ ẹ tó so wáyà tó gbẹ̀yìn. Bó bá rí i pé ó há, kó kọ̀, kó ránṣẹ́ pe ẹnjiníà. Kì í ṣe àfojúdi.

Owó ló sábà ń da iṣẹ́ yìí rú. Kọ́ńtírákítọ̀ á bá olúkúlùkù dúnàádúrà lọ́tọ̀, káfíńtà á sì fẹ́ tú pákó rẹ̀ lọ síbòmíràn kí kọnkéré tó lágbára. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń fi díwọ̀n agbára kọnkéré, ó sì ń fẹ́ omi lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Ẹ ka owó ọjọ́ tí pákó á fi wà níbẹ̀ mọ́ iye tẹ́ ẹ máa gbà, kẹ́ ẹ sì yan ẹni tí á máa bomi rin kọnkéré náà, kódà lọ́jọ́ Ìsinmi.