Alásè àti Ahunṣọ Nínú Fídíò Kan?

Ìbéèrè: Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mo ń sè lórí Instagram, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí iye àwọn tó ń tẹ̀lé mi ti dúró sójú kan. Ahunṣọ òkè kan ní Ìsẹ́yìn ní ká jọ ṣe fídíò. Kí ló pa ọbẹ̀ àti aṣọ pọ̀?
Alásè, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ gbà fún un. Àwọn tó ń wo alásè ẹlẹgbẹ́ yín lè ti máa wo ẹ̀yin náà; àwọn oníbàárà ahunṣọ ni kò tíì gbúròó yín. Nígbà tí alásè kan, Hilda Baci, fi wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 dáná ní Lekki lọ́dún 2023, Tiwa Savage wá kọrin níbẹ̀. Ẹni tí orin gbé wá, ìdí ààrò ló bá ara rẹ̀.

Ẹ má kàn jókòó kí ẹ máa yin ara yín o, ìyẹn máa ń sú mi. Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká rí ọ̀kọ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òwú, kí ahunṣọ náà wá gba ọmọrogùn, kó ro àmàlà tó kún fún kókó. Kókó yẹn gan-an ni àwọn òǹwòran máa fi ránṣẹ́ síra wọn.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fi ahunṣọ náà ṣe alájọṣe lórí Instagram, kí fídíò kan náà lè hàn lójú ìwé ẹ̀yin méjèèjì. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbówó wá ńkọ́? Kí ẹ ti kọ bí ẹ ó ṣe pín in sílẹ̀ ṣáájú. Nínú fídíò kejì, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ jókòó sídìí òfì.